Bí A Ṣe Lè Lóye Ìfipòránṣẹ́ Kúáńtọ̀mù Pẹ̀lú Bírò àti Ìwé

Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní quantum teleportation, ohun tó máa ń sọ sí i lọ́kàn ni egbé, oògùn tí àwọn àgbà ń ròyìn pé ó ń gbé ènìyàn láti ojú ogun dé ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé èrò yẹn kúrò lọ́nà. Nínú iṣẹ́ yìí, kò sí ohun kankan tó kúrò níbi tó wà. Ohun tó dé ibi kejì ni ipò tí ohun àkọ́kọ́ wà, ìyẹn bí ó ṣe rí gan-an, tí a fi ránṣẹ́ sí ohun mìíràn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní ìfipòránṣẹ́ kúáńtọ̀mù.

Àwọn mẹ́fà ló gbé èrò náà jáde ní ọdún 1993: Charles Bennett, Gilles Brassard, Claude Crépeau, Richard Jozsa, Asher Peres àti William Wootters. Ìṣirò tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ kò gùn rárá. Ẹni tó bá mọ ìròpọ̀, àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ lè ṣe gbogbo rẹ̀ lórí ojú ewé kan, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe náà nìyẹn. Ẹ mú ìwé àti bírò, nítorí mo gbà tọkàntọkàn pé kíkà nípa ọ̀rọ̀ yìí nìkan kì í jẹ́ kó yé ènìyàn. Ìgbà tí a bá fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ ló máa ń yé wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí bíìtì. Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo: èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣí tàbí kó dé nígbà tó bá balẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí odù tó lè jáde fi jẹ́ 256. Ẹyọ èso kan, tó lè ṣí tàbí kó dé, ni bíìtì kan. A lè pe ṣíṣí ní 0, kí a pe dídé ní 1. Gbogbo iṣẹ́ tí fóònù àti kọ̀ǹpútà wa ń ṣe, irú bíìtì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tò jọ.

Kúbíìtì, ìyẹn bíìtì kúáńtọ̀mù, yàtọ̀ sí èyí. Ó lè jẹ́ ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan, èyí tí à ń pè ní fótọ́ọ̀nù, tí ìgbì rẹ̀ lè máa mì ní òòró tàbí ní ìbú. Ó sì lè jẹ́ átọ́ọ̀mù kan tó lè ní agbára púpọ̀ tàbí agbára díẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ pé 0 ni tàbí pé 1 ni kí a tó wò ó. Nọ́ńbà méjì ni a fi ń kọ ipò rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan fún 0, ọ̀kan fún 1; àmì | ⟩ kàn ń sọ fún wa pé ipò kúbíìtì ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ àpẹẹrẹ yìí sórí ìwé yín, nítorí òun ni a óò lò títí dé òpin:

0.6|0⟩ + 0.8|1⟩

Mo ń pe 0.6 àti 0.8 ní òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá fi 0.6 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó rí 0.36; bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 0.8, ẹ ó rí 0.64, àpapọ̀ wọn jẹ́ 1, bó sì ṣe gbọ́dọ̀ máa rí nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá pèsè ọgọ́rùn-ún kúbíìtì tí ipò wọn rí báyìí, tí a sì wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 36 yóò fún wa ní 0, nǹkan bí 64 yóò sì fún wa ní 1. Òṣùwọ̀n lè ní àmì àyọkúrò níwájú. Ipò 0.6|0⟩ − 0.8|1⟩ yóò fún wa ní iye kan náà bí a bá wọ̀n ọ́n lọ́nà yìí, síbẹ̀ ipò mìíràn pátápátá ni. Ẹ má fi ojú kékeré wo àmì yẹn, nítorí iṣẹ́ ńlá ló máa ṣe níwájú.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyí. Bí a bá wọ̀n kúbíìtì kan, 0 tàbí 1 nìkan ló máa fún wa, ipò tó wà tẹ́lẹ̀ á sì parẹ́. 0.6 àti 0.8 kò sí mọ́, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi mú wọn padà. Ẹnìkan lè dá a lábàá pé kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún, kí a wá wọ̀n àwọn ẹ̀dà náà. Ní ọdún 1982, William Wootters àti Wojciech Zurek, àti Dennis Dieks tó dá ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, fi ìṣirò hàn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe ẹ̀dà ipò kúáńtọ̀mù tí a kò mọ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ wa kò tíì dára tó. Òfin ìṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ ni kò gbà á. Lẹ́tà tí a kò lè kà, tí a kò sì lè dà kọ, ló wà lọ́wọ́ wa yìí, báwo ni a ó ṣe fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lókè òkun? Ó yẹ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè yìí, nítorí ẹni tí ìṣòro náà kò bá yé kò ní rí ohun tó yani lẹ́nu nínú ojútùú rẹ̀.

Ohun tí ojútùú náà dúró lé lórí ni ìsokọ́ra, èyí tí Erwin Schrödinger fún ní orúkọ ní ọdún 1935, ọdún kan náà tí Albert Einstein, Boris Podolsky àti Nathan Rosen kọ̀wé nípa bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń kọ wọ́n lóminú. A lè pèsè kúbíìtì méjì tí ipò wọn jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí a kò lè sọ ti ọ̀kan láìsọ ti èkejì:

|00⟩ + |11⟩

Nọ́ńbà kan wà tó yẹ kó pín gbogbo ìlà yìí kí àpapọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ 1, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́ sílẹ̀ kí ojú ìwé má baà kún, n ó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí lọ. Ohun tí ìlà náà ń sọ ni pé bí a bá wọ̀n kúbíìtì méjèèjì, bí ọ̀kan bá jẹ́ 0, èkejì á jẹ́ 0. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 1, èkejì á jẹ́ 1, bó ti wù kí wọ́n jìnnà síra tó.

Àwọn kan máa ń fi bàtà ṣàlàyé èyí. Wọ́n á ní kí a fi bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú àpò kan, ti òsì sínú àpò kejì, kí a gbé àpò kan lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tó bá ṣí tirẹ̀ yóò mọ èyí tó wà nínú èkejì lójú ẹsẹ̀. Àpèjúwe yìí dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Bàtà ti jẹ́ ti ọ̀tún tàbí ti òsì kí ẹnikẹ́ni tó ṣí àpò. Ní ọdún 1964, John Bell fi hàn pé bí kúbíìtì méjèèjì bá ti gbé ìdáhùn wọn láti ilé bíi bàtà wọ̀nyẹn, ààlà wà fún bí ìdáhùn wọn ṣe lè bára mu tó nígbà tí a bá ń wọ̀n wọ́n ní oríṣiríṣi ọ̀nà. John Clauser, Alain Aspect àti Anton Zeilinger ṣe àyẹ̀wò náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì rí i pé àwọn kúbíìtì kọjá ààlà yẹn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba Ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní ọdún 2022 nítorí iṣẹ́ wọn lórí ìsokọ́ra. Síbẹ̀, ìsokọ́ra nìkan kò lè gbé ọ̀rọ̀: ẹni tó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan kò ní rí ju 0 àti 1 tó ń jáde láìní ètò, ìdajì sí ìdajì.

Ní báyìí, ẹ ṣí ojú ewé tuntun. Nínú ìwé àwọn onímọ̀, Alice ni wọ́n máa ń pe ẹni tó ń ránṣẹ́, Bob ni ẹni tó ń gbà á. Èmi yóò pè wọ́n ní Àdùkẹ́ àti Bánkọ́lé. Àdùkẹ́ ní kúbíìtì kìíní, èyí tí ipò rẹ̀ jẹ́ 0.6|0⟩ + 0.8|1⟩. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ nọ́ńbà wọ̀nyí. Àwa tí à ń wò ó láti ẹ̀yìn nìkan la mọ̀ wọ́n. Kúbíìtì kejì àti ìkẹta sokọ́ra, ìkejì wà lọ́wọ́ Àdùkẹ́, a sì ti gbé ìkẹta fún Bánkọ́lé ṣáájú. Bí a bá fi ipò kìíní sọ ti méjì yòókù, |00⟩ + |11⟩, di púpọ̀, tí a kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kìíní, ìkejì, ìkẹta, ohun tí a ó rí nìyí:

0.6|000⟩ + 0.6|011⟩ + 0.8|100⟩ + 0.8|111⟩

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Àdùkẹ́ yóò ṣe ni láti jẹ́ kí kúbíìtì kìíní darí ìkejì. Níbi tí kìíní bá ti jẹ́ 1, yóò yí ìkejì padà, 0 á di 1, 1 á di 0. Níbi tí kìíní bá ti jẹ́ 0, kò ní fọwọ́ kan ìkejì. Èyí ni wọ́n ń pè ní CNOT. Ẹ fi ìka tọ ìlà náà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí èyí:

0.6|000⟩ + 0.6|011⟩ + 0.8|110⟩ + 0.8|101⟩

Iṣẹ́ kejì rẹ̀, tí wọ́n ń fi lẹ́tà H ṣe àmì rẹ̀, wà lórí kúbíìtì kìíní nìkan. Ibi tí 0 bá wà, ẹ fi 0 + 1 rọ́pò rẹ̀. Ibi tí 1 bá wà, ẹ fi 0 − 1 rọ́pò rẹ̀. Ẹyọ mẹ́rin á di mẹ́jọ:

0.6|000⟩ + 0.6|100⟩ + 0.6|011⟩ + 0.6|111⟩ + 0.8|010⟩ − 0.8|110⟩ + 0.8|001⟩ − 0.8|101⟩

Ibi tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ jù nìyí. Kúbíìtì méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti Àdùkẹ́, nítorí náà, ẹ kó àwọn tí méjì àkọ́kọ́ wọn bára mu jọ, kí ẹ wá wo ohun tó kù fún Bánkọ́lé. Níbi tí ti Àdùkẹ́ bá jẹ́ 00, ti Bánkọ́lé jẹ́ 0.6|0⟩ + 0.8|1⟩. Níbi tó bá jẹ́ 01, ti Bánkọ́lé jẹ́ 0.8|0⟩ + 0.6|1⟩. Níbi tó bá jẹ́ 10, ó jẹ́ 0.6|0⟩ − 0.8|1⟩. Níbi tó bá sì jẹ́ 11, ó jẹ́ 0.6|1⟩ − 0.8|0⟩.

Nígbà tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí dé ibi tí a dé yìí, mo gbé bírò sílẹ̀. 0.6 àti 0.8, tó jẹ́ ti kúbíìtì Àdùkẹ́ nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀, ti wà lára kúbíìtì Bánkọ́lé nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ti Bánkọ́lé rárá. Kò sí ohun tí mo fi pamọ́ fún yín; gbogbo ìgbésẹ̀ náà ló wà lójú ìwé.

Àdùkẹ́ yóò wá wọ̀n kúbíìtì rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan nínú 00, 01, 10 àti 11 ló máa jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdá mẹ́rin kan láti jáde, ohunkóhun tó wù kí ipò tó ń fi ránṣẹ́ jẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé èsì yìí kò sọ ohunkóhun fún un nípa 0.6 àti 0.8, ìdí sì nìyẹn tí wíwọ̀n náà kò fi ba ipò náà jẹ́. Yóò fi bíìtì méjì yẹn ránṣẹ́ sí Bánkọ́lé lọ́nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀: fóònù, rédíò, tàbí ìmọ́lẹ̀ lésà.

Bánkọ́lé yóò ṣe àtúnṣe gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a rán sí i bá ṣe wí. Bí ó bá gba 00, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ó bá gba 01, yóò yí 0 sí 1 àti 1 sí 0, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní X. Bí ó bá gba 10, yóò yí àmì tó wà níwájú |1⟩ padà, èyí tí wọ́n ń pè ní Z. Bí ó bá gba 11, yóò kọ́kọ́ ṣe X, kó tó ṣe Z. Ẹ dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lórí ìwé yín. Gbogbo wọn yóò padà sí 0.6|0⟩ + 0.8|1⟩.

Bíìtì méjì yìí ni àwọn oníròyìn sábà máa ń gbàgbé, ó sì dùn mí, nítorí inú wọn ni òótọ́ ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́ Bánkọ́lé kí iṣẹ́ náà tó dé. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà, kò sì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá wọ̀n kúbíìtì rẹ̀, 0 lè jáde pẹ̀lú 0.36 ní ọ̀nà kìíní, 0.64 ní ìkejì, 0.36 ní ìkẹta, àti 0.64 ní ìkẹrin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, 0.5 ni. Ìdajì sí ìdajì, bí ẹni pé Àdùkẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Títí bíìtì méjì yóò fi dé, Bánkọ́lé kò gba ohunkóhun, bíìtì náà kò sì lè yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ ọ́ pé ọ̀nà yìí ń ránṣẹ́ kíá ju ìmọ́lẹ̀ lọ, irọ́ ló kọ.

Ẹ tún padà wo ọwọ́ Àdùkẹ́. Ohun tó kù fún un ni kúbíìtì méjì tó ti di 0 tàbí 1 lásán. Ipò tó fi ránṣẹ́ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pátápátá, nítorí náà a kò ṣe ẹ̀dà, òfin tí Wootters, Zurek àti Dieks rí sì dúró digbí.

Ní ọdún 1997, Anton Zeilinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Innsbruck, ní Ọ́stríà, ròyìn pé àwọn ti ṣe é pẹ̀lú fótọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ wọn lè dá ọ̀kan ṣoṣo mọ̀ nínú èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà yẹn, nítorí náà ìdá mẹ́rin kan ni wọ́n lè lò. Ní ọdún 2004, àwọn ẹgbẹ́ méjì, ọ̀kan ní Innsbruck, èkejì ní Boulder ní Amẹ́ríkà, ṣe é pẹ̀lú íọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ní iná mànàmáná lára, wọ́n sì lo èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ti ọdún 2012, láàárín erékùṣù La Palma àti Tenerife ní Canary, nítorí iṣẹ́ tí Àdùkẹ́ ń rán àti àtúnṣe tí Bánkọ́lé ń ṣe hàn kedere níbẹ̀. Àlàfo ojú òfurufú láàárín ibi méjèèjì jẹ́ kìlómítà 143. Wọ́n gbá fótọ́ọ̀nù gba orí òkun kọjá, awò awọ̀nàjíjìn ńlá kan sì gbà á ní Tenerife. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ lésà rán èsì tí wọ́n rí ní La Palma tẹ̀ lé e, kí ẹni tó wà ní ìkángun kejì lè ṣe àtúnṣe rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìrìn àjò ìmọ́lẹ̀ láàárín erékùṣù méjèèjì kò tó ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè fo ìdúró náà. Ní ọdún 2017, àwọn ará Ṣáínà fi ipò fótọ́ọ̀nù ránṣẹ́ láti Tibet sí sátẹ́láìtì Micius, tó tó kìlómítà 1,400 nígbà tó jìnnà jù.

Kí ni a fẹ́ fi irú iṣẹ́ yìí ṣe? Inú okùn gíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ni ìdáhùn wà. Nínú okùn tó dára, tí a bá fi fótọ́ọ̀nù ránṣẹ́ gba kìlómítà 50, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló máa dé. Ní kìlómítà 100, ó di ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní kìlómítà 1,000, ó di ọ̀kan nínú iye kan tó jẹ́ 1 tí òdo 20 tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tò sójú ọ̀nà láti fún ìmọ́lẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lágbára kò wúlò fún kúbíìtì, nítorí ẹ̀dà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá pín ọ̀nà jíjìn sí kúkúrú, tí a pèsè ìsokọ́ra sí abala kọ̀ọ̀kan, a lè fi ìfipòránṣẹ́ so wọ́n pọ̀ títí ìkángun méjèèjì yóò fi sokọ́ra. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ní Delft, ní Netherlands, fi ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ránṣẹ́ ipò láàárín ibùdó méjì tí kò so mọ́ra tààrà, èyí tí wọ́n ròyìn ní ọdún 2022. Ti ènìyàn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o: átọ́ọ̀mù inú ara ẹnìkan tó nǹkan bí 7 tí òdo 27 tẹ̀ lé, iṣẹ́ tí mo ròyìn wọ̀nyí sì wà lórí kúbíìtì ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Bí ìṣirò orí ìwé bá ti yé yín, ẹ lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ IBM ti gbé kọ̀ǹpútà kúáńtọ̀mù sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2016, Qiskit, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe, sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì lè ṣe àfarawé iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán. Ẹ ṣí kúbíìtì mẹ́ta. Láti pèsè ipò wa sórí kìíní, ẹ lo iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní RY pẹ̀lú nọ́ńbà 1.8546, nítorí òun ló ń fúnni ní 0.6 àti 0.8. Ẹ ṣe H lórí ìkejì àti CNOT láti ìkejì sí ìkẹta, kí wọ́n lè sokọ́ra; lẹ́yìn náà, CNOT láti kìíní sí ìkejì, H lórí kìíní, kí ẹ wọ̀n méjèèjì, kí ẹ sì ṣe X tàbí Z sórí ìkẹta bí èsì bá ṣe wí. Láti mọ̀ bóyá ipò náà dé, ẹ ṣe RY pẹ̀lú −1.8546 sórí ìkẹta, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Bí ohun gbogbo bá tọ́, 0 ni yóò máa jáde ní gbogbo ìgbà nínú àfarawé. Lórí ẹ̀rọ gidi, 1 yóò máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí àṣìṣe ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ X àti Z kúrò, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì wo bí 1 ṣe máa pọ̀ tó ìdajì.